Àárọ̀ Tí Mi Ò Kí Ẹnikẹ́ni ní Ṣábẹ̀ẹ́

Mo rántí bí ilé wa ṣe dákẹ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n yọ eyín ìyá mi. Ẹni tó bá mọ ìyá mi ní Ṣábẹ̀ẹ́ á mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í gbé ilé wa. Kajú ni ìyá mi ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Kaboua, orí ìdúró ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, wọ́n á ná an dórí ìjókòó, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú èébú, pẹ̀lú ìtàn ẹni tó bí kálukú. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ó so ìborùn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọwọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Bí ó bá na ìka kan, omi ló ń fẹ́. Bí ó bá ju ọwọ́ nù, ó fẹ́ kí a kúrò níwájú òun ni. Èmi ni ó ń ju ọwọ́ nù sí jù lọ, nítorí pé mi ò lè jókòó. Mò ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìdáná, láti ibi ìdáná padà sí ẹnu ọ̀nà, bí adìẹ tó fẹ́ yé tí kò rí ibi tí yóò yé sí.

Ó nídìí tí ara mi kò fi balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, bí àwọn ọ̀rẹ́ mi tilẹ̀ máa ń sọ pé àlàyé mi máa ń pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ni. Iṣẹ́ tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí líséńsì dá lórí àwọn ewé àti èèpo igi tí àwọn ará wa fi ń mú ojú egbò jiná lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín: làpálàpá, gúáfà, àti orin àta. Mo gún wọn, mo rẹ wọ́n sínú ọtí líle, mo sẹ́ wọn, mo sì jẹ́ kí omi ara wọn gbẹ títí ó fi ku ìyẹ̀fun díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti sọ ohun tí mo rí, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo lè fi ohun tó wà nínú ìgò yìí sẹ́nu ìyá mi. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì na ọrùn bí àkùkọ. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pè mí ní dókítà ewé níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Mò ń wá iṣẹ́ nígbà náà, iṣẹ́ kò sì wá mi. Oyè yẹn nìkan ni mo ní lọ́wọ́, n kò sì ní purọ́, ó ń dùn mọ́ mi.

Ìyá mi ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù mi wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní irú rẹ̀, egbò kékeré kan ló yọ sí i lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n fojú kéré rẹ̀, nígbà tí ọ̀ràn náà á fi parí, ẹsẹ̀ ọ̀hún ni wọ́n gé. Nígbà tí eyín ńlá kan wá jẹrà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ìyá mi, tí kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́ ju kí a yọ ọ́, èmi ni mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà eyín tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá sí ìlú wa, Yorùbá Àjàṣẹ́ ló sì ń sọ. Ó yọ eyín náà, ó fi òwú dí ibẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún wa pé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ìyá mi má ṣe fi omi yọ ẹnu, kí ó má ṣe tutọ́ pẹ̀lú agbára. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ihò yẹn ni ọmọrí rẹ̀, abẹ́ ọmọrí yẹn sì ni ẹran tuntun yóò ti hù. Ó ní bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín, kí a padà wá.

A kò tíì sinmi tán tí ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, fi dé láti Bessé pẹ̀lú ìkòkò àgbo lórí. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹnu tí a bá yọ eyín nínú rẹ̀, gbígbóná la fi ń wẹ̀ ẹ́, gbígbóná tí omi á fi dà lójú, a ó sì máa tu ú dànù pẹ̀lú agbára títí omi náà yóò fi mọ́ gaara. Mo sọ ohun tí dókítà wí. Ìyá àgbà wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dì, ó ti kú. Ta ní í tọ́jú òkú sẹ́nu?”

Mo tún un sọ, ṣùgbọ́n ohùn mi ti rọ̀. Àgbà ni, ìkòkò ti wà nílẹ̀, ìyá mi sì ti na ọwọ́ gba igbá, nítorí pé ìyá tó bí i ló gbé e fún un. Mo dúró níbẹ̀, mò ń gbọ́ bí itọ́ náà ṣe ń lu ògiri, pọ́ọ́, pọ́ọ́, ó ń lu èmi náà láyà.

Ìrora yẹn kò dín. Ní ọjọ́ kejì ó ti dé etí. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi kò lè gbé orí lélẹ̀ sórí ìrọ̀rí mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń rùn, ó mọ̀, ó ń fi ọwọ́ bò ó. Mo ní kí a padà sí ilé ìwòsàn. Ó mi orí. Mo tún un sọ, mo ṣàlàyé, mo tún àlàyé ṣàlàyé. Ìgbà yẹn ló fi etí ìborùn gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ró, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀: “Kí wọ́n lè gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí wọ́n ṣe gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi?” Ó wá na ìka sí mi. “Dókítà ewé. Ṣe tèmi fún mi.”

Bí ẹni da omi tútù sí mi lára ni. Mo wọ yàrá, mo mú ìgò mi jáde nínú àpò, mo ṣí i, mo dé e, mo tún ṣí i. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kò tó ṣíbí kan. Mo mọ bí mo ṣe ṣe é, mo mọ̀ pé kòkòrò tó ń mú egbò kẹ̀ kì í fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí yóò ṣe nínú ihò tí egungun wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ní ẹnu obìnrin tí ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá fi í sí i tó bàjẹ́ ńkọ́? Bí mo bá kọ̀ tó bàjẹ́ ńkọ́? Mò ń bi ara mi ní ìbéèrè méjèèjì bí ẹni ń fi bọ́ọ̀lù lu ògiri, wọ́n sì ń padà wá bá mi. Nígbà tí mo jáde, n kò lè wo ojú rẹ̀. Ìyá àgbà rí mi, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ mi. Ó ní oje làpálàpá ló kù. Òun ni àwọn fi ń pa efu, funfun tó máa ń bo ahọ́n, lẹ́nu ọmọ ọwọ́, òun ló ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ó ní òun fúnra òun yóò rẹ òwú sínú oje náà, òun yóò sì kì í bọ inú ihò náà. Ó ní kí n jí lọ já a, kí oòrùn tó yọ, nítorí pé ìgbà náà ni oje rẹ̀ ń ṣàn dáadáa. Ó wá sọ ohun tó le jù nínú rẹ̀: láti ìgbà tí mo bá ti jáde nílé títí tí òun yóò fi gba ewé náà lọ́wọ́ mi, n kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, n kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnikẹ́ni lóhùn. “Ẹni tó bá kí ènìyàn lọ́nà,” ó ní, “ó ti fi agbára ewé kí i. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ ewúrẹ́ ni.”

Ẹ má rò pé mo gbà á gbọ́. N kò sì rò pé n kò gbà á gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí egbò ìyá mi bá burú, n kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó da agbára ewé sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ògiri sìmẹ́ńtì ni bàbá mi fi rọ́pò ọgbà làpálàpá ilé wa kó tó kú, nítorí náà àdúgbò tí à ń pè ní Plateau ni mo ní láti dé, níbi tí ọgbà àtijọ́ kan ṣì wà ní ìdí àpáta. Lílọ kò nira, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Bíbọ̀ ni wàhálà. Ìlú wa kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń kọjá lára ènìyàn láì kí i. Bí o bá fẹ́ ra iyọ̀, ìkíni mẹ́rin ni wàá fi dé ọ̀dọ̀ oníyọ̀. Mo di ewé náà mọ́ àyà, mo tẹ orí ba, mò ń sáré rìn. Bàbá aránṣọ àdúgbò wa ló kọ́kọ́ pàdé mi, ó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀. “Ọmọ mi, ṣé a jí ire?” Ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n tó rántí pé ìdọ̀bálẹ̀ náà, ìkíni ni. Mo dúró sí agbedeméjì, n kò lè lọ sílẹ̀, n kò lè gòkè. Bàbá wò mí pẹ̀lú àánú. “Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ̀yìn ni?” Mo na ara mi, mo sá.

Ní oríta, àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zẹ́mìjàn ti wà lórí alùpùpù wọn. Wọ́n kí mi, n kò dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn, tí a jọ ṣe kíláàsì ní kékeré, gbé ẹsẹ̀ sórí táǹkì, ó ní: “Ẹ wò ó! Líséńsì ti gan mọ́ ọn lọ́rùn, kò lè tẹ̀ mọ́.”

Èkejì ní: “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Faransé ló fẹ́ ká fi kí òun. Bọ́ńjúù, mùsíé!”

Ẹ̀rín bú. Ojú ń gbà mí tì dé ìdí etí, mò ń dá gbogbo wọn lóhùn nínú ọkàn mi, ọ̀rọ̀ sì ń pọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀wà tó fẹ́ ru jáde nínú ìkòkò. Ìgbà yẹn ni alùpùpù kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dókítà eyín ni, ó ń lọ síbi iṣẹ́.

“Ẹ káàárọ̀ o. Màmá ńkọ́?”

Mo ya ẹnu, mo pa á dé.

“Mo ní màmá ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ńkọ́?”

Kò sí ẹni tí mo fẹ́ dá lóhùn láyé yìí tó dókítà yìí. Òun gan-an ni mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ewé wà láyà mi, oje rẹ̀ ti ń kán sí mi lọ́wọ́, ilé kò sì jìnnà mọ́. Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo mi orí láti fi yé e pé n kò lè sọ̀rọ̀, mo sì kọjá. Èrò tèmi nìyẹn. Ohun tí òun rí ni ọmọ kan tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó di ewé mọ́ra ní kùtùkùtù, tí a bi léèrè ìyá rẹ̀, tó mi orí, tó sunkún. “Jésù!” ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Ó yí alùpùpù padà. Àwọn zẹ́mìjàn dákẹ́. Kíá ni mo gbọ́ ẹ̀rọ tiwọn náà. Ìyá ẹlẹ́kọ kan tó gbé ọpọ́n lórí béèrè pé kí ló dé, ẹnìkan dá a lóhùn ní ohùn ìsàlẹ̀, ó sì figbe ta. Mo yára sí i. Bí mo ṣe ń yára ni ọ̀rọ̀ náà ń dájú lójú wọn.

Báyìí ni mo ṣe kó èrò wọlé. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo kékeré rẹ̀, ó rí mi, ó rí ohun tó ń tẹ̀ lé mi. “Kí ló dé? Ta ló kú?” Kó tó gba ewé lọ́wọ́ mi, ìyá mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ìborùn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyá ẹlẹ́kọ gbá àyà mú: “Yéè! Òun nìyẹn!” Àwọn kan sá sẹ́yìn. Ìyá mi tú ìborùn dànù. “Ta lẹ wá sunkún fún nílé mi?” ó pariwo, ohùn rẹ̀ àtijọ́ gan-an, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Dókítà jókòó sórí àpótí ìyá mi, ó ń mí gúle-gúle. Ó ní mo fẹ́ pa òun. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó yọ iná kékeré nínú àpò rẹ̀. “Màmá, ó yá, ẹ la ẹnu.” Ó wò ó pẹ́. Ó béèrè ohun tí wọ́n fi yọ ẹnu. Èmi àti ìyá mi wo ilẹ̀.

“Àgbo gbígbóná,” ni ìyá àgbà wí. “Èmi ni. Má bi ẹlòmíràn.”

“Ìyá àgbà, ewé kọ́ ló ṣe é. Títutọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ti bá itọ́ lọ, ihò náà ti ṣófo, atẹ́gùn ń kan egungun. Ohun tó ń ro wọ́n nìyẹn.”

“Ṣé kí ó gbé àgbo mì ni?”

“Kí wọ́n jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀ ni, bí itọ́ ọmọ ọwọ́. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì yọ eyín, ká jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.”

Ìyá àgbà rò ó. Ó wá rántí ewé, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Bó ṣe gbà á báyìí, ẹnu mi là, n kò sì lè pa á dé mọ́. Mo sọ pé kí wọ́n má ki oje yẹn bọ egungun tó ṣí sílẹ̀. Mo sọ ti ṣúgà, mo sọ ti ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo sọ pé mo ti kìlọ̀ nípa títutọ́, pé n kò kìlọ̀ tó, pé ẹ̀rù ìgò mi ń bà mí, pé n kò sùn. Àwọn èrò dúró, wọ́n ń gbọ́. Dókítà bi mí pé ṣé èmi ni mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewé wọ̀nyí, kí ni mo mọ̀ nípa wọn? Mo ní: “Mo mọ̀ wọ́n nínú ìgò. N kò mọ̀ wọ́n nínú ẹnu ìyá mi.”

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá àgbà nìkan ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ọkọ mi, ṣé gbogbo ẹrù yìí lo ń gbé rìn láti àárọ̀?”

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo ní kó jẹ́ ká lọ. Ó wo dókítà. Dókítà ní kò sí ẹni tó máa gé ohunkóhun, fífọ̀ ni òun máa fọ̀ ọ́, òun á sì fi oògùn dí i. Ìyá mi wò mí lójú, ó pẹ́, bóyá ó ń wá dókítà ewé tó mọ̀. N kò mọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ó gbé ìborùn rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù dókítà. Zẹ́mìjàn tó fi mí ṣẹ̀sín gbé èmi àti ìyá àgbà. “Líséńsì,” ó ní, “o ò bá ti ṣẹ́jú sí wa.”

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò, dókítà fọ ihò náà, ó sì rẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú oògùn láti fi dí i. Bó ṣe ṣí ìgò oògùn náà ni ìyá àgbà, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, gbé imú sókè.

“Kànáfùrù!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà. Òróró rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.”

“Ta ló já a?”

“Mi ò mọ̀. Nínú ìgò la ti ń rà á.”

“Ẹni tó já a, ṣé kò kí ènìyàn lọ́nà?”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé dókítà lọ́wọ́ jẹ. Kí a tó délé, ó ti ń bá ẹni tó gbé e ná owó ọkọ̀.

Ihò náà kò kún kíákíá. Ṣúgà kì í jẹ́ kí egbò yára jiná. A padà lọ kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ inú rẹ̀, a tún padà. Nígbà tí dókítà gbà mí láyè, mo se ewé gúáfà, mo fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó tutù dé ìwọ̀n ọwọ́, èmi fúnra mi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ìyá mi á sì fi sẹ́nu, á tẹ orí, á jẹ́ kó ṣàn jáde. Lójoojúmọ́ ni mo ń fi iná fóònù wo ibẹ̀ títí tí ìyá mi fi bínú pé ẹnu òun ti di tẹlifíṣọ̀n. Ó yá, àwọ̀ eérú tó wà nínú ihò náà di pupa, pupa náà di bí àwọ̀ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́, etí ihò náà ń sún mọ́ra. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń jẹ iṣu sísun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló fi ń jẹ ẹ́. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ báyìí. Wọ́n máa ń bi mí bóyá ewé lè wo egbò sàn lóòótọ́, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgò, mo máa ń dé orí ṣúgà, agogo á sì lù kí n tó parí. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tó wo ti ìyá mi gan-an, kànáfùrù ni tàbí gúáfà, fífọ̀ ni tàbí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, mo máa ń sọ pé n kò mọ̀, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn kò dùn mí mọ́ láti sọ.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n yọ eyín mìíràn fún ìyá mi. Ìyá àgbà tún dé láti Bessé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀ báyìí, ìkòkò wà lórí rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kò dáná sí i. Ó fa àpótí, ó jókòó tì í, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Mo bi í pé kí ló ń dúró dè. Ó ní ilẹ̀ tí yóò mọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìdáná, ó wò mí títí, ó fa àpótí kejì, ó fi ọwọ́ lù ú. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń lu ilẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orókún mi, àwa méjèèjì sì ń wo ìkòkò tútù náà.